Bí Dosu Ṣe Gbé Ìbí Jésù Dé Ìdí Okùn

Iṣẹ́ tí Dosu ń ṣe ní etí òkun, lódìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, ṣòro láti ṣàlàyé fún àlejò. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá tò sídìí okùn tí wọ́n ń fa àwọ̀n ńlá bọ̀ láti inú òkun, tí òógùn bò wọ́n, tí ẹsẹ̀ wọn ń rì sínú yanrìn, òun kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Á dúró sí agbedeméjì okùn méjèèjì, á kọjú sí omi, á sì máa kọrin. Àwọn tó ń wá ṣe fàájì létí òkun nínú oṣù Kejìlá a máa fi í ṣe ẹ̀rín. Obìnrin kan láti Èkó tiẹ̀ béèrè nígbà kan pé ta ló ń sanwó fún ọ̀lẹ yìí. Ishaq, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fa okùn, ló dá a lóhùn.

"Àǹtí, ẹnu rẹ̀ la fi ń pa ẹja. Ọwọ́ tiwa, ẹrù lásán ni."

Ishaq kò purọ́. Okùn méjì ni àwọ̀n náà ní. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní okùn Sẹ̀mẹ̀, nítorí pé apá ibodè ló wà, wọ́n sì ń pe èkejì ní okùn Èkó. Àárín méjèèjì ni àpò tí ẹja ń wọ̀ wà. Bí okùn kan bá yá ju èkejì lọ, ẹnu àpò náà á wọ́, ẹja á sì gba ẹ̀gbẹ́ padà sínú ibú. Àwọn tó wà nídìí okùn kan jìnnà sí àwọn tó wà nídìí èkejì, ojú wọn kò sì kúrò lẹ́yìn ẹni tó wà níwájú wọn. Orin nìkan ló so wọ́n pọ̀. Dosu á gbé e, wọ́n á gbè é, ibi tí ègbè bá sì bọ́ sí ni gbogbo ẹsẹ̀ ń bọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Topo ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń pẹja, ìyá rẹ̀ ń yan án. Òun náà fa okùn nígbà èwe rẹ̀, títí di ọjọ́ tí ìgbì já àwọ̀n gbà padà lójijì tí okùn sì gbá a léjìká. Egungun náà jinná, ṣùgbọ́n apá náà kò ga kọjá àyà mọ́. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni akọrin àwọ̀n láyé ìgbà náà. Ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra, ó kọ́ ọ lórin, nígbà tí ó sì kú, Àlàájì Àbdùlgàfár tó ni àwọ̀n fi Dosu sí àyè rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn bí ti àwọn olórin inú rédíò. Ó há díẹ̀, ó sì ní ìró èdè Gun, èdè àwọn Ègùn, nínú kódà bó bá ń kọ Yorùbá, àmọ́ ó máa ń la ariwo omi já.

Oríṣiríṣi orin ló mọ̀. Orin èébú wà níbẹ̀, orin tí wọ́n fi ń ṣẹ̀sín olóṣèlú wà níbẹ̀, orin ọtí, orin obìnrin, orin tí wọ́n fi ń bẹ òkun kó má bínú. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni ẹ̀sìn. Láyé bàbá Àlàájì, àríyànjiyàn lórí ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ nídìí okùn, ọkùnrin kan sì fi ọ̀bẹ gé okùn nínú ìbínú. Àwọ̀n àti ẹja bá òkun lọ. Láti ìgbà náà ni òfin ti dúró: kálukú lè gbàdúrà bó ṣe wù ú kí ọwọ́ tó kan okùn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ti kàn án, ẹ̀sìn di ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sórí yanrìn. Àwọn Mùsùlùmí gbà bẹ́ẹ̀, àwọn Onígbàgbọ́ gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣì ń bọ ohun tí bàbá wọn bọ náà gbà bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò ni ẹnikẹ́ni lára.

Kò ni Dosu náà lára títí tó fi ṣe ìrìbọmi. Ó ti dàgbà kó tó ṣe é. Olúbísí ìyàwó rẹ̀ ló fà á wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Topo, ẹ̀yìn pátápátá ló sì máa ń jókòó sí. Lọ́dún tí à ń wí yìí, nígbà tí ìmúrasílẹ̀ Kérésìmesì bẹ̀rẹ̀, Fadá bá ìjọ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé inú ilé yìí nìkan la ti ń bí Jésù," ni Fadá wí. "Kí kálukú yín sọ nípa ìbí rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó ti ń jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, màá béèrè lọ́wọ́ yín."

Ó rọrùn fún àwọn ẹlòmíràn. Gbádéyan, àgbà ìjọ tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò kọjá ọ̀sà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àwọn èrò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì; ẹni tó wà láàárín omi kò kúkú ní ibi tó máa sá lọ. Dosu ní tirẹ̀ ń ro ó títí. Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn rẹ̀ létí òkun yẹn. Ohùn náà ti yin ọtí, ó ti yin ìdí obìnrin, ó ti yin òkun fúnra rẹ̀. Kò tíì dárúkọ ẹni tí Dosu ń pè ní Olúwa níbẹ̀ rí. Bó bá sì dárúkọ rẹ̀ tí Àlàájì lé e kúrò, kò ní èjìká tó lè fi fa okùn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ ti mú òkun rọ̀. Ọkọ̀ ti gbé àwọ̀n lọ, ó ti tò ó yípo, ó ti padà sí etí omi. Ẹja ṣawá ń ta lórí omi, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ọjọ́ náà máa dáa. Dosu fi orin tí wọ́n mọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọ̀n dé ìdajì ọ̀nà, ó yí orin padà. Orin Noẹ́lì kan, orin Kérésìmesì, ní èdè Gun ni, èyí tí wọ́n máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin tó ń lọ jẹ́jẹ́. Ó ti rò ó pé ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé kò sí ẹni tó máa bínú sí orin ọdún.

Ohun tí kò rò ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní okùn Èkó jẹ́ Gun, ọmọ ìjọ. Wọ́n mọ orin náà. Inú wọn dùn sí i, wọ́n gbè é bí wọ́n ṣe ń gbè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fà á gùn, ẹsẹ̀ wọn sì ń falẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ti okùn Sẹ̀mẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí láti apá Kankon, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n retí ègbè, ègbè kò dé. Wọ́n bá ń fa tiwọn lọ bí wọ́n ṣe ń fà á bọ̀. Akọrin àwọ̀n ló yẹ kó rí èyí, àmọ́ ojú Dosu ti dì. Bó ṣe máa ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn bí orin náà bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa lajú, àwọn ohun tó ń léfòó lórí àwọ̀n ti dagun, ṣawá sì ń fò gba apá Èkó lọ bí òjò tó ń rọ̀ sókè.

Koríko òkun ló pọ̀ nínú àpò. Ẹja rẹ̀ kò kún agbọ̀n.

"Dosu o!" Ishaq ju okùn sílẹ̀. "Ẹja ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀! Wọ́n ti sáré lọ jíṣẹ́ fún àwọn ará ilé wọn!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láti okùn Èkó kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ sáré. Ta ló ń lé yín?"

"Ta ló ní kí ẹ̀yin máa tòògbé? Ẹ rò pé orí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì lẹ jókòó sí ni?"

"Má fi ṣọ́ọ̀ṣì mi ṣe yẹ̀yẹ́ o!"

"Kí ni mo fi ṣe? Ìwọ lo gbé e wá síbí!"

Wọ́n ti ń sún mọ́ra. Àlàájì Àbdùlgàfár dìde lórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn, ó sì rọra rìn wá sí àárín wọn. Wọ́n yà fún un. Ó pe Dosu sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Òfin bàbá mi, ṣé o kò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Àlàájì. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú sí ohun tó o kọ. Kọ ọ́ nílé rẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àmọ́ wo àwọn wọ̀nyí. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lu ara wọn." Ó wo àpò àwọ̀n tó kún fún koríko náà. "Bó bá tún ṣẹlẹ̀, Jayéọlá ni yóò máa kọrin. Ìwọ náà sì mọ̀ pé mi ò ní okùn tí èjìká rẹ lè fà."

Jayéọlá ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣáájú ègbè ní okùn Sẹ̀mẹ̀. Ó gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìròyìn ti dé Topo kí Dosu tó délé. Olúbísí ń kó ẹja sórí ààrò, kò sì gbójú sókè.

"Bàbá Ìbùkún, wọ́n ní ẹ tú ẹja sílẹ̀."

"Ta ló sọ?"

"Ta ni kò sọ? Wọ́n ní ẹ bùkún wọn kí wọ́n tó lọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí èéfín fi há a lọ́fun. Nígbà tó wá dákẹ́, ó ní, "Ẹ sọ fún Fadá pé tiyín kò ṣeé ṣe. Jésù mọ̀ pé ọmọ wa wà nílé ìwé."

"Ó mọ̀."

"Tàbí kí ẹ sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu lásán, nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Ṣé dandan ni kó jẹ́ orin?"

Ó dán ìyẹn náà wò. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń mu gàrí lábẹ́ igi àgbọn, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bó bá sọ gbólóhùn kan, àwọn ènìyàn á gbè é kó tó sọ èkejì. Ó sọ pé, "Ọdún yìí tó ń bọ̀..." ó sì dúró de ègbè. Ègbè kò dé. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i, kò rí nǹkan kan sọ.

"Gàrí ló há a," ni Ishaq wí. "Ẹ fún un lómi."

Wọ́n gbé omi fún un. Ó mu ún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sọ fún Gbádéyan pé òun ń ronú láti fi orin àwọ̀n gan-an sọ ìtàn ìbí Jésù, orin tó ń lọ bí okùn ṣe ń lọ. Gbádéyan so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó kó tó dáhùn.

"Orin tí ẹ fi ń bú ìyá ara yín? Inú ìyẹn lo fẹ́ kó Jésù sí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu tí mo fi ń kọ ọ́ náà ni mo fi ń gba Kòmúníọ̀n."

"Ẹnu nìyẹn. Orin lèmi ń sọ. Bí o bá fẹ́ jẹ́rìí, wá sínú ọkọ̀ mi, màá fún ọ láyè níwájú."

"Nínú ọkọ̀ yín, kò sí ẹni tó mọ̀ mí."

"Ìyẹn ló fi rọrùn."

Dosu dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjá ọ̀sà sí ìlú. Ilé Àlàájì ló gbà lọ. Ó bá a lórí ẹní, pẹ̀lú tẹ́súbáà lọ́wọ́, ìrun ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, kò sì lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ orin ìbí Jésù nídìí okùn ní ọjọ́ tí wọ́n máa fa àwọ̀n kẹ́yìn kí Kérésìmesì tó dé. Ó ní òun kò fẹ́ kí Àlàájì bá a níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Àlàájì ka tẹ́súbáà rẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Ṣé yóò fa àwọ̀n?"

"Yóò fà á. Orin àwọ̀n ni. Yorùbá ni mo fi ṣe é, kí okùn méjèèjì lè gbọ́."

"Ta ni yóò gbè é? Mi ò lè ní kí Mùsùlùmí máa gbe orin ṣọ́ọ̀ṣì."

"'Fà á wálé' ni ègbè rẹ̀. Ti okùn ni, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì."

Àlàájì mi orí. "Ìyá rẹ̀, a mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe bí i, àwa náà ń kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn kò lè dá ìjà sílẹ̀. Àmọ́ ibì kan wà tí ọ̀nà ti yà, ìwọ náà mọ ibẹ̀." Ó gbé tẹ́súbáà sílẹ̀. "Nítorí pé o wá bá mi, mo fún ọ láyè. Bí i. Bí o bá bí i tán, dákẹ́. Gbé orin mìíràn."

Dosu kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kò gbà. Ó ní, "Mo gbọ́, Àlàájì." Nígbà tó ń padà lórí omi, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun ti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fa àwọ̀n kẹ́yìn náà dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà létí òkun, àwọn alájàpá ẹja tò pẹ̀lú agbọ̀n wọn, àwọn tó wá ṣe fàájì sì dúró lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ padà, àwọn ọkùnrin di okùn mú. Dosu dúró síbi tó ń dúró sí. Lọ́tẹ̀ yìí ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere, ó ń wo àwọ̀n, ó sì gbé e:

"Màríà dìde, ọ̀nà jìn —"

"Fà á wálé!" Okùn Sẹ̀mẹ̀ àti okùn Èkó gbè é pọ̀, ìró ẹsẹ̀ wọn sì bọ́ sórí yanrìn bí ẹsẹ̀ ẹnìkan.

"Oyún rẹ̀ pé, ilẹ̀ ti ṣú —"

"Fà á wálé!"

"Wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọn ò ṣí i —"

"Wọ́n mà burú o!" ni ẹnìkan pariwo láti okùn Sẹ̀mẹ̀. Ishaq ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín láìju okùn sílẹ̀. "Fà á wálé!"

Ó kọ ọ́ lọ, ó ń tún un kọ, ó ń fi nǹkan kún un. Ó fi ewúrẹ́ sí i, ó fi òtútù ọyẹ́ sí i, ó ní ibùjẹ ẹran ni ìyá náà tẹ́ ọmọ sí bí ẹni tẹ́ ẹja sínú agbọ̀n. Àwọn alájàpá pàápàá ti ń gbè é. Àwọ̀n ń bọ̀ gbọnrangandan. Nígbà tí àpò rẹ̀ dé ibi tí omi ti mọ ní orúnkún, tí ẹja ti ń hó nínú rẹ̀, Dosu bí ọmọ náà:

"Ọmọ náà dé, ó ké tantan —"

"Fà á wálé!"

"Ọlọ́run ló rán an sáyé —"

"Fà á wálé!"

Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró sí. Ó rí Àlàájì lórí àga rẹ̀, ó ń wò ó. Orin mìíràn ti wà lẹ́nu rẹ̀, orin ọtí kan tí gbogbo wọn fẹ́ràn. Fífà bíi mélòó kan péré ló kù kí àpò kúrò lómi. Bó bá kọ orin ọtí náà, ohun tí gbogbo ayé gbà tẹ́lẹ̀ nìkan ló ti sọ, kò sì tíì sọ ohun tí òun gbà gbọ́. Ó gbé e:

"Olúwa mi ni, èmi Dosu —"

Okùn Èkó gbè é. Okùn Sẹ̀mẹ̀ kò gbè é. Kò sí ẹni tó ké, kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn pa ẹnu mọ́. Dosu yíjú sí wọn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Jayéọlá ló ṣáájú, Ishaq tẹ̀ lé e, gbogbo wọn di ètè pọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn bọ́ síbi tó yẹ kó bọ́ sí. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé orin kò lè já níbẹ̀. Apá kan gbè é, apá kan dákẹ́, àwọn méjèèjì sì fà á bákan náà. Àpò àwọ̀n gun orí yanrìn. Ṣawá kún inú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn kúta tó gùn ju apá lọ, àwọn alájàpá sì ya bo ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ẹja tán, Àlàájì pè é.

"Kí ni mo ní kó o ṣe?"

"Ẹ ní kí n dákẹ́ tí mo bá bí i tán."

"Ṣé o dákẹ́?"

"Rárá, sà. Àti ìgbà tí mo kúrò nílé yín ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní lè dákẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Ìyẹn ni mo fi ń tọrọ àforíjì. Orin náà, mi ò tọrọ àforíjì rẹ̀."

"Bí mo bá fojú fo èyí, èmi náà ni wọ́n máa fojú fò lọ́la. Jayéọlá ni yóò máa kọrin títí Ààwẹ̀ wa yóò fi parí. Ìwọ, máa tún àwọ̀n ṣe. Ìpín ẹja rẹ á kéré sí ti tẹ́lẹ̀." Àlàájì ti yí padà kó tó fi kún un pé, "Ó fa àwọ̀n, sá."

Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, Fadá béèrè bó ṣe sọ pé òun máa béèrè. Gbádéyan sọ̀rọ̀ gígùn nípa àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Fadá bojú wẹ̀yìn, Dosu dìde.

"Mo sọ ọ́ fún wọn," ó ní. "Apá kan gbà á, apá kan kò gbà á. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè mi."

Ó jókòó. Olúbísí ti da gèlè bojú láàárín àwọn obìnrin. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Ọdún tuntun wọlé, Dosu sì jókòó lábẹ́ igi àgbọn, ó ń fi abẹ́rẹ́ onígi dí ojú àwọ̀n tó já. Ohùn Jayéọlá ń bọ̀ láti etí omi. Ó ṣì kéré, àmọ́ àwọn ọkùnrin ń gbè é. Ní ọjọ́ kan tí òkun ń bínú tí wọn kò lè ju àwọ̀n, Ishaq wá jókòó tì í, ó sì gbé apá kan àwọ̀n náà lé orí itan.

"Jayéọlá kò mọ orin èébú kankan," ó ní. "Ó ń yin ìyàwó rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ti sú wa."

"Ó máa mọ̀ ọ́n."

Ishaq fa òwú kan já. "Olúwa rẹ tó o torí ẹ̀ jókòó síbí yìí. Kí ló ṣe fún ọ gan-an?"

Dosu wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀. Dosu wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, gbólóhùn kan, á dúró díẹ̀. Ishaq á ní "Ẹ̀n-ẹ́n," tàbí "Irọ́ ni," tàbí "Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀," Dosu á sì mú èyí tó kàn. Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò lórí wọn. Ishaq kò gbà, kò sì bínú. Nígbà tí wọ́n pè é pé kó wá bá wọn gbé ọkọ̀ gun òkè, ó gbọn yanrìn kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí Dosu má tíì sọ èyí tó kù fún ẹlòmíràn, òun ń bọ̀.